Ẹ Yé Ra Báàgì Mọ́: Àṣìṣe Àwa Tí À Ń Ran Ọmọ Ilé-Ìwé Lọ́wọ́

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sáré kiri nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Oṣù kẹsàn-án kan kì í kọjá kí ẹnìkan má fi mọ́tò kó báàgì wá bá mi. Orí mi ti gbóná.

1. Báàgì. Èmi náà rà á rí o! Igba báàgì, mo tún tẹ àwòrán ara mi sí i, mò ń rẹ́rìn-ín bí olóṣèlú. Kò pé oṣù méjì tí mo fi pàdé ojú ara mi lọ́jà, ata rodo kún inú mi bámúbámú. Mo fẹ́ bínú. Aláta ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àìní báàgì kọ́ ló dá ọmọ mi dúró sílé." Àga ni. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé àga tirẹ̀ wá, kò sì ní. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan dé JSS3, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù ńkọ́? Owó PTA? Owó pépà ìdánwò? Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè kí ẹ tó náwó.

2. Fọ́tò tí ẹ ń ya ọmọ bí ẹ bá ń fún un lẹ́bùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ ìtìjú.

3. Owó WAEC tó pẹ́ dé. Ìforúkọsílẹ̀ ti máa ń parí tipẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó owó dé ní oṣù karùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ti wà ní gbọ̀ngàn, òun ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ má sì kó o lé òbí lọ́wọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bàbá kan fi tún ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ṣe. Mi ò rí i bú, ọ̀kadà yẹn ló ń bọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ilé-ìwé ni mò ń san án sí, mo sì ń gba ìwé tí orúkọ ọmọ wà lórí rẹ̀.

Èwo ló tún kù? Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹnìkan kó báàgì wá lóṣù tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo bi í pé kíláàsì wo ló wà. Ojú ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.