Bí A Ṣe Ń Fi Pátákó àti Ọmọ Ayò Tún Ogun Dàhómì ti Ọdún 1851 Jà

Ẹ má tíì mú sísọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí eré náà yóò dáhùn sílẹ̀. Èyí tí mo máa ń lò ní Abẹ́òkúta níbí ni pé: kí ló dé tí ọmọ ogun Ọba Ghezo ti Dàhómì kò fi rí odi Ẹ̀gbá wọ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1851? Ohunkóhun tí kò bá ran ìdáhùn náà lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Yíya ilẹ̀ kò le. Ẹ gun Olúmọ, kí ẹ wo bí odò Ògùn ṣe ṣàn, kí ẹ tó yà á sórí páálí bísíkíìtì. Ilé onígun mẹ́rin kò dára, nítorí ẹni tó bá gba igun dé igun yóò rìn jìnnà ju ẹni tó lọ tààrà. Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà kan sáàárín, kí ẹ to mẹ́fà yí i ká. Wọn yóò ṣe wẹ́kú, bíro ló kù tí ẹ ó fi tọ ipa wọn.

Kí Ẹ̀gbá lo ọmọ ayò, kí Dàhómì lo bọ́tìnnì, méjìlá méjìlá. Iye ọmọ ogun tí àwọn àlejò ìgbà náà kọ sílẹ̀, àfojúbù ni. Àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì kò sì gbọdọ̀ ní agbára tó kéré sí ti ọkùnrin, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó jà kíkankíkan jù lọ lẹ́bàá odi.

Odi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọn a ya ibi tó ti wó sórí pátákó gbangba, ẹni tó ń ṣe Dàhómì a sì gba ibẹ̀ wọlé kíá. Ghezo kò mọ ohun tí ẹni náà mọ̀. Àwọn ará Ìṣágà, ìlú kan nítòsí Abẹ́òkúta, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ẹnubodè Àrò, níbi tí Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe; àwọn ará Ìṣágà yìí kan náà sì ti ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a wá fi òfin fipá mú Dàhómì lọ sí Àrò; ìyẹn náà kò dára, nítorí kò sí ìpinnu kankan tó kù fún un láti ṣe.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí: ẹ gé káàdì márùn-ún fún apá odi márùn-ún, kí ẹ kọ “líle” sára mẹ́rin, “àlàfo” sára ẹyọ kan, kí ẹ dojú wọn dé. Ẹ̀gbá nìkan ni yóò wò wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Dàhómì gẹ́gẹ́ bí ará Ìṣágà, ìbáà jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́. Ẹ lẹ ìwé méjì pọ̀ fún káàdì kọ̀ọ̀kan, torí mo ti rí i tí ọmọkùnrin kan ka bíro láti ẹ̀yìn ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí eré sì bàjẹ́. Ẹ̀kọ láfún tó ki ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe gọ́ọ̀mù.

Dáìsì lúdò tó. Ẹni tó bá kọlu odi líle, dáìsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́fà. Níbi àlàfo, mẹ́ta sókè ti tó.

Ẹ ta á nígbà mẹ́wàá. Bí Ẹ̀gbá bá borí ní gbogbo rẹ̀, ẹ dín agbára odi kù. Pátákó kan náà yóò ṣeé lò fún ìkọlù Glele, ọba Dàhómì tó jẹ lẹ́yìn Ghezo, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1864, àmọ́ ẹ yọ ọ̀rọ̀ ará Ìṣágà kúrò nínú òfin: Glele ti pa ìlú náà run ní ọdún 1862.