Bí mo ṣe fi ayò kọ́ ọmọ mi ní ìforítì

Ọmọ mi okùnrin ní làákàyè, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti le díẹ̀, ó ti pa á tì. Mo gbà á níyànjú títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ìgbà tí a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkéré-Èkìtì ni mo gbé ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀. Ìdí tí mo fi yan ayò ni pé kò sí ohun tó fara pamọ́ níbẹ̀, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú ọpọ́n. Bí wọ́n bá nà ọ́, ibi tí o ti ṣì í ta wà níbẹ̀ tí o lè tọ́ka sí.

Bí wọ́n ti ń ta á kò ṣòro. Ihò 12 ni, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. O ó kó ọmọ inú ihò rẹ kan, o ó máa jù wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá sọ ọmọ inú ihò ẹnìkejì di 2 tàbí 3, o jẹ ẹ́ nìyẹn.

Mo nà án, mo tún nà án. Ọ̀ta ni wọ́n ń pe ẹni tó bá borí, òpè ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n nà, orúkọ òpè yẹn sì dun ọmọ náà débi ẹkún. Ìyá mi ní, “Jẹ́ kó nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣebí ọmọdé ni.” Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò ní ṣe é.” Ọmọdé mọ̀ bí àgbà bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ayò sílẹ̀ fún un, kò sì sí ohun tó lè fi irú rẹ̀ kọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé a kì í kó ọmọ ayò nílẹ̀ bí mo bá ti nà án. A ó tò ó padà sí bó ṣe wà kí n tó jẹ ẹ́ níbi tó dùn ún jù, n ó wá bi í pé, “Kí ni ò bá ti ta?” N ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù fún òbí, ẹnu á máa yún ọ láti sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé ihò tó bá ní ọmọ 1 tàbí 2 ló wà nínú ewu.

Lẹ́yìn náà ni mo fi odù hàn án. Èèyàn á máa kó ọmọ jọ sínú ihò kan títí yóò fi pọ̀ tó láti yí ọpọ́n ká, kó sì fo ihò tó ti wá. Ihò tó ṣófo lọ́dọ̀ ẹnìkejì á gbà lẹ́ẹ̀mejì, á di 2, o lè jẹ ihò púpọ̀ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n kí odù tó gbó, wàá rí ìjẹ kéékèèké tí wàá fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí ohun tó lè jẹ, ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì fà á padà. Inú mi dùn sí èyí ju ọjọ́ tó padà nà mí lọ.

Ní báyìí, ó ń lọ bá àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi ládùúgbò. Wọ́n ń nà án dáadáa. Bó bá délé, á tẹ́ ọpọ́n sílẹ̀, á ní, “Bàbá, ẹ wá wo ibi tí mo ti ṣì í ta.”