Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ra Géèjì Ọ́ìlì Fún Ọkọ̀ Ìjàpá Àtijọ́

Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá kò gbé géèjì ọ́ìlì, èyí tí ń fi ìfúnpá ọ́ìlì hàn, wá sáyé. Yálà èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì ni o, tàbí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, iná kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi sínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ́ìlì. Iná náà kì í tàn àfi tí ìfúnpá ọ́ìlì bá ti já wálẹ̀ dé nǹkan bíi psi 2 sí 6 (psi ni a fi ń wọn ìfúnpá), nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná, tí ó ń yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ ní kéré sí psi 28. Ìyẹn ni pé àwọn bẹ́árìn lè ti máa jẹ lọ láti ọjọ́ pípẹ́ kí iná tó sọ ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tí ó ní Ìjàpá tí ó sì fẹ́ fi géèjì kún un kò ṣàṣejù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ojú géèjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á rí èyí tí etí rẹ̀ ń dán, tí ó bá dáṣíbọ́ọ̀dù mu, wọ́n á rà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà á. Ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Àṣìṣe tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n jù lọ wà níbi tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tí a fi ń yí nǹkan wọ inú ihò. Ihò tí súwíìsì ọ́ìlì Ìjàpá, èyí tí ń tan iná náà, ń wọ̀, lẹ́bàá dísítíríbútọ̀, jẹ́ M10x1, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 10, eyín kan sì fi mìlímítà 1 jìnnà sí èkejì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ (ohun tí ń wọn ìfúnpá nínú ihò náà, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí géèjì) tí ó wà lórí àtẹ, pàápàá èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, jẹ́ 1/8 NPT, tírẹ́ẹ̀dì páìpù ti Amẹ́ríkà, tí ó ní eyín 27 nínú íńṣì kan, tí ara rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ. Bí a bá gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ìbejì ni ènìyàn yóò pè wọ́n. Èyí tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yìí yóò dibọ́n bí ẹni pé ó fẹ́ wọlé, yóò sì le. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì tí ó ń kánjú yóò ti ní, «Ẹ fi sílẹ̀, ọ̀gá, ó máa wọlé,» tí yóò sì gbé sípánà lé e. Késì ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kì í ṣe irin bí ti àwọn ọkọ̀ mìíràn. Mágnísíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó fúyẹ́, kò sì gba agídí. Bí eyín inú ihò náà kò bá jẹ, késì fúnra rẹ̀ á sán. Owó sẹ́ńsọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, nítorí kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ késì láìtú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Kí a béèrè sẹ́ńsọ̀ tí ó jẹ́ M10x1 gan-an, tàbí kí a ra adápítọ̀ tí yóò so méjèèjì pọ̀, kí a sì fi ọwọ́ lásán yí i wọlé ná. Èyí tí ó bá ti le kété tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kí a yọ ọ́ kúrò.

Níbi ihò yìí kan náà, àwọn kan máa ń gbé sẹ́ńsọ̀ ńlá tí ó rí bí agolo kọ́ sára késì, pẹ̀lú irin oríta kan láàárín. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò máa mi agolo náà títí ọrùn irin náà yóò fi dá, tí ọ́ìlì yóò sì tú sára páìpù èéfín gbígbóná. Ó sàn kí a fi họ́ọ̀sì tí ó lè gba ìfúnpá mú sẹ́ńsọ̀ lọ sára bọ́dì ọkọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí rìwáyà má gbàgbé pé ara sẹ́ńsọ̀ ni iná mànàmáná ń gbà padà sí bọ́dì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tí yóò so ó mọ́ bọ́dì. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a wé téèpù funfun àwọn púlọ́mbà mọ́ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yíká-yíká: téèpù náà lè dínà iná mànàmáná, kí àwọn èérún rẹ̀ sì bọ́ sínú ọ̀nà ọ́ìlì.

Kí a wá sọ ti sẹ́ńsọ̀ àti géèjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, nítorí àṣìṣe yìí máa ń purọ́ fún awakọ̀ láìsí àmì kankan. Sẹ́ńsọ̀ irú ti Yúróòpù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ohm 10 (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná mànàmáná), ó sì ń gòkè lọ sí 180. Ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ láti 240, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ sí 33. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ yóò rí abẹ́rẹ́ tí ń wálẹ̀ bí ìfúnpá ṣe ń gòkè. Ìyẹn ṣì dára, nítorí ojú yóò tètè rí i. Èyí tí ó léwu ni ti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ 10 sí 180, tí ọ̀kan jẹ́ ti bar 5 (bar náà jẹ́ ìwọ̀n ìfúnpá, ó sì tóbi ju psi lọ), tí èkejì jẹ́ ti bar 10. Géèjì bar 5 tí ó ní sẹ́ńsọ̀ bar 10 yóò máa fi ìdajì hàn, ènìyàn yóò sì tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ òdì-kejì, ìlọ́po méjì ni yóò máa fi hàn, ẹ́ńjìnnì tí ó ń kú lọ yóò sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Kí a ra méjèèjì pọ̀ nínú páálí kan, kí a sì ka nọ́ńbà tí ó wà lára sẹ́ńsọ̀ kí a tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò gùn. Ìjàpá àtijọ́ tí ó ṣáájú ọdún 1967 sábà máa ń lo fólítì 6, géèjì fólítì 12 kò sì ní sọ òótọ́ nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ MGB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ṣáájú òpin ọdún 1967, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, nítorí náà kí a ṣọ́ra fún géèjì òde òní, tí a ṣe fún nẹ́gátíìfù lára bọ́dì.

Àwọn kan yóò ní géèjì tí kò lo iná, tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń gba inú páìpù tín-ín-rín dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, bí a bá fi họ́ọ̀sì tí ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí gbígbọ̀n máa ń mú páìpù bàbà le títí yóò fi ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Ta ni yóò fẹ́ kí ọ́ìlì gbígbóná máa gba abẹ́ àga kọjá láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú?

Kí a má sì rò pé géèjì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ni ó dára jù. Chevrolet àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 216 (ìwọ̀n rẹ̀ ní kúbíìkì íńṣì) kò nílò ju géèjì psi 30 lọ. Bí a bá fi èyí tí ó dé 100 sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yóò máa wà títí. Ford Model T ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní páńpù ọ́ìlì, nítorí náà kò sí ohun tí géèjì fẹ́ wọ̀n níbẹ̀. Fún Ìjàpá, bar 5 tó, ìyẹn nǹkan bíi psi 72. Kí ẹni tí ó bá rí 2 lójú géèjì bar má sì fòyà, nítorí bar 1 jẹ́ psi 14.5.

Lẹ́yìn tí a bá ti so ó tán, kí a má ṣe yọ iná àtijọ́ yẹn kúrò, nítorí awakọ̀ kì í wo géèjì ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lójú ọ̀nà. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí ó ní orí méjì, ọ̀kan fún géèjì, ọ̀kan fún iná. Kí a yá géèjì tí kò lo iná lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí a so ó mọ́ ihò náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí a sì kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀: ní ìyípo 1,000, nǹkan bíi psi 10, ní 2,500, nǹkan bíi 28 sí 42. Bí géèjì tuntun kò bá sún mọ́ àkọsílẹ̀ yìí, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á kí ìwé ìsanwó tó sọnù.