Ìgbáradì nínú Cricket Captain: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ ká ka oríire sí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá

Kò sí ẹni tó gbá géèmù Cricket Captain ju sáà kan lọ tí kò ní bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìgbáradì tí mò ń kó àwọn ọmọ yìí sí ń mú wọn dára sí i lóòótọ́, àbí mo kàn ń tẹ bọ́tìnì kiri lásán? Ìbéèrè gidi ni. Bí a ṣe ń dáhùn rẹ̀ ló burú. Ẹnìkan á ní òun fi ọmọ kan sí ìgbáradì láti oṣù kẹrin, average rẹ̀ sì kúrò ní 31, ó di 42, ó tán, ẹ̀rí ti dé. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, tòun já wálẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì mọ nǹkan kan nínú wọn.

Fún ẹni tí kò tíì bá géèmù náà pàdé: géèmù akọ́nimọ̀ọ́gbá kíríkẹ́ẹ̀tì orí kọ̀ǹpútà ni, ilé-iṣẹ́ Childish Things ló ṣe é, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ sì jáde ní 1998 pẹ̀lú orúkọ International Cricket Captain. Ẹ kò ní di igi mú fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ máa yan àwọn mọ́kànlá tó máa ṣeré, ẹ máa to àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù sí pápá, ẹ máa sọ fún batsman bóyá kó fi agbára gbá a tàbí kó rọra ṣe, ẹ sì máa pinnu ohun tí kálukú máa ṣe nígbà ìgbáradì. Batsman ni ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bowler ni ẹni tó ń jù ú sí i, run ni àmì ayò. Average batsman ni gbogbo run rẹ̀ tí a pín sí iye ìgbà tí wọ́n mú un jáde. Káúńtì 18, ìyẹn ẹgbẹ́ agbègbè, ló wà nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, kálukú sì ń ṣe eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin 14.

Ẹ má gbé òfin Football Manager wọ ibí

Ọ̀pọ̀ wa ni Football Manager, géèmù akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kọ́ ní iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Níbẹ̀, nọ́ńbà láti 1 dé 20 wà níwájú gbogbo ohun tí agbábọ́ọ̀lù lè ṣe. Bí ìgbáradì bá ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pẹ̀lú ojú: nọ́ńbà á kúrò ní 12, á di 13. Nọ́ńbà méjì míì sì fara pamọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi 200 wọ̀n, ọ̀kan fún ibi tí ọmọ náà dé báyìí, ọ̀kan fún ibi tó lè dé. Ní Hattrick, géèmù bọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti Sweden wá ní 1997, òfin míì ló wà: ẹni tí kò bá ṣeré ní ipò tí ìgbáradì ọ̀sẹ̀ náà wà fún kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Cricket Captain kò ṣe bíi ti èyíkéyìí nínú wọn. Kì í kọ nọ́ńbà ẹ̀bùn sí iwájú orúkọ ọmọ. Ohun tó máa fi hàn yín ni ọjọ́ orí, irú eré tí ọmọ náà ń ṣe, fọ́ọ̀mù rẹ̀, okun ara rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ gígùn nípa run àti wicket (iye batsman tí bowler mú jáde). Òye ẹ̀bùn kù sọ́wọ́ yín, bó ṣe kù sọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi. Ẹni tí nọ́ńbà ti bà jẹ́ á wá máa wá ohun tó lè dì mú, ohun àkọ́kọ́ tó bá sì rí tó ń lọ sókè sódò, ìyẹn fọ́ọ̀mù, ló máa sọ di ẹ̀bùn. Fọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀bùn o. Bí ara ọmọ náà ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí ni. Ẹ lè gbé e sókè lónìí, kí bowler kan sì mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn, ó ti balẹ̀ nìyẹn. Ọmọ àná náà ló ṣì jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lo ìgbáradì láti gbé fọ́ọ̀mù ẹnìkan ró ṣáájú eré pàtàkì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tìtorí fọ́ọ̀mù fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni mi ò lè bá yín lọ́wọ́ sí.

Average sáà kan kò lè jẹ́rìí

Ibí ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń wá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ká ní batsman kan gbá innings mẹ́wàá (innings ni ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wọlé gbá), wọ́n sì mú un jáde nínú gbogbo rẹ̀. Run rẹ̀ nìyí: 0, 7, 112, 18, 3, 64, 1, 41, 9, 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 280, average rẹ̀ 28. Ọmọ gidi nìyẹn, ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá wo 112 yẹn. Ká ní nígbà tó wà ní 12, bọ́ọ̀lù fò lọ bá ẹnìkan lára àwọn alátakò lọ́wọ́, tí ẹni yẹn kò sì jẹ́ kó já bọ́. Àpapọ̀ di 180, average di 18. Ọmọ kan náà ni, igi kan náà, ìgbáradì kan náà. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló mú mẹ́wàá kúrò nínú average rẹ̀.

Bí kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí pápá. Run kéékèèké pọ̀, ńlá ṣọ̀wọ́n. Bí run batsman ṣe máa ń yàtọ̀ láti innings kan sí òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó average rẹ̀ fúnra rẹ̀. Don Bradman tó ga ju gbogbo wọn lọ wọlé fún ìgbà ìkẹyìn nínú Test, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, ní pápá The Oval ní 1948, run mẹ́rin péré ló ń wá kí average rẹ̀ lè pé 100. Òdo ló gbá. Ó parí sí 99.94, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ní ìgbáradì ọ̀sẹ̀ yẹn ló fà á.

Ẹ lè ṣírò bí oríire nìkan ṣe lè ti average tó: ẹ pín average náà sí square root iye ìgbà tí wọ́n mú ọmọ náà jáde. Batsman tó jẹ́ ojúlówó 35, tí wọ́n mú jáde lẹ́ẹ̀ogún nínú sáà, oríire lè tì í sókè tàbí sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 8 láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà lára rẹ̀. Tí ẹ bá wá fi sáà méjì wéra, àlàfo tí oríire lè dá sáàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. Ẹ rántí ọmọ tó kúrò ní 31 tó di 42. Mọ́kànlá náà ni. Tí ẹ bá ní batsman 18, tí ìgbáradì kò sì ṣe wọ́n ní ohunkóhun rárá, ẹ ṣì máa rí bíi mẹ́ta tó fò sókè tó bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́ta á sì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fò sókè la máa ń ròyìn.

Ohun tó tún ń da àkọsílẹ̀ rú ni ẹni tó ń wọlé lẹ́yìn gbogbo èèyàn, tí eré máa ń parí mọ́ lọ́wọ́ láìjáde. Run rẹ̀ ń wọlé, ìgbà tó jáde kò pọ̀, average rẹ̀ á wá dùn ún wò. Ẹ wo iye innings kí ẹ tó yọ̀.

Ta ni wọ́n kojú nígbà tí wọ́n gbá a?

Ní oṣù kọkànlá 2024, ní ìlú Èkó, Nàìjíríà gbá run 271 nínú over ogún (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú over kan) nínú ìdíje ìpegedé fún ife àgbáyé T20, wọ́n sì mú gbogbo Côte d'Ivoire jáde fún run méje. Inú wa dùn, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó máa wo nọ́ńbà ọjọ́ yẹn kó fi sọ bí àwọn ọmọ náà ṣe máa ṣe tí wọ́n bá bá Ọsirélíà pàdé. Nínú géèmù, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún 19 gbá run rẹpẹtẹ nínú ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ní ìgbáradì ti jẹ́, wọ́n bá sọ ọ́ sí iwájú bowler ẹgbẹ́ àgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní géèmù ń rẹ́ wọn jẹ.

Fún bowler, pápá ló máa ń tan wá. Lóṣù kẹrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù wà, koríko tútù wà lórí ilẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń jù ú kíákíá á máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Tó bá di oṣù kẹjọ, ilẹ̀ á gbẹ, ẹni tó ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù láá gba eré. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì bowler rẹ̀ lóṣù kẹta, tó sì ka wicket oṣù kẹrin sí èrè rẹ̀, ojú ọjọ́ ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbáradì kò lè dá ọjọ́ orí padà

Ẹ yé fi àyè ìgbáradì tẹ́ẹ ní ṣòfò lórí ẹni ọdún 34 tí ẹ fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé ẹ máa pe orúkọ James Anderson fún mi, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù fún England títí di ọdún 41, tó sì fẹ̀yìn tì kúrò nínú Test ní pápá Lord's ní oṣù keje 2024 pẹ̀lú wicket 704. Ọ̀tọ̀ ni Anderson. Òun nìkan ni bowler kíákíá tó gba tó bẹ́ẹ̀ nínú Test, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi yá lẹ́nu. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bowler kíákíá, ẹ̀yìn wọn àti eékún wọn á ti sọ fún wọn kí wọ́n tó pé ogójì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rò pé ó yẹ ká kọ́ lára ọkùnrin yẹn yàtọ̀. Lẹ́yìn tó ṣe Test àkọ́kọ́ rẹ̀ fún England ní 2003, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yí bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà, wọ́n ní kó má baà ṣèṣe ni. Ní 2006, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Ó padà sí bó ṣe ń jù ú tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ló wá di Anderson tí a mọ̀. Nítorí náà, tí bowler yín bá ń gba wicket, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okun ara rẹ̀ pé, ẹ fún un ní ìsinmi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn míì fẹ́ fi ìgbáradì sọ bowler di batsman. Steve Smith ni àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fà yọ, torí pé nígbà tó kọ́kọ́ ṣe Test fún Ọsirélíà, ní Lord's ní 2010, ipò kẹjọ ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì mú un wá nítorí bọ́ọ̀lù yíyí tó ń jù. Lónìí, ọ̀kan lára àwọn batsman tó dára jù nínú ìtàn ni. Wọ́n máa ń gbàgbé pé ó ti ń gbá ọgọ́rùn-ún fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀, New South Wales, kó tó dé Lord's. Ẹ̀bùn batsman ti wà lára rẹ̀, ipò tí wọ́n fi í sí ni kò jẹ́ ká rí i. Nínú géèmù náà, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ ọmọ yín dáadáa: tó bá jẹ́ 9 ni average rẹ̀ lẹ́yìn innings ọgọ́rùn-ún, ẹ jẹ́ kó máa ju bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lè dúró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè mọ̀ ọ́n, sùúrù ló gbà. Ẹ da fáìlì eré yín kọ sí ibi méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ yan ọmọ mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 22. Nínú fáìlì kìíní, ẹ fún wọn ní ìgbáradì batsman dé gongo. Nínú èkejì, ẹ má fún wọn rárá. Kí gbogbo nǹkan yòókù dọ́gba: ipò kan náà, eré kan náà, àṣẹ kan náà lórí pápá. Sáà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ kà, kì í ṣe sáà ìgbáradì náà, torí fọ́ọ̀mù á ti da tibẹ̀ rú.

Ẹ má ka ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ ro run àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ẹ pín in sí àpapọ̀ iye ìgbà tí wọ́n jáde. Tí kálukú bá jáde lẹ́ẹ̀ogún, 120 nìyẹn, oríire ṣì lè dá àlàfo bí 4 tàbí 5 sáàárín fáìlì méjèèjì. Ẹ tún un ṣe látorí ẹ̀dà kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, àlàfo tí oríire lè dá á wá sí nǹkan bí 2. Nígbà yẹn, tí àwọn tó gba ìgbáradì bá fi 6 ju àwọn yòókù lọ, mo gbà fún yín. Tó bá jẹ́ 1, ẹ má wulẹ̀ pariwo.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ìdánwò yìí lò. Ohun tó ń fi hàn ni iyàtọ̀ tí ìgbáradì mú wá, ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí ọjọ́ orí àti eré ṣíṣe fúnra rẹ̀ mú wá. Ọmọ ọdún 19 tí ẹ kò fún ní ìgbáradì kankan lè dára sí i láàárín ọdún méjì torí pé ó ń dàgbà. Àwọn tí kò dán ẹgbẹ́ tí kò gba ìgbáradì wò rárá ló máa ń fi ìdàgbàsókè yẹn dá bọ́tìnì wọn lọ́lá.

Kí ìdánwò yín tó parí, òpin sáà á ti dé, àdéhùn á sì wà nílẹ̀ tí ẹ ní láti fọwọ́ sí. Ìlànà tèmi: mo máa ń wo àkọsílẹ̀ gbogbo sáà tí ọmọ ti ṣe pọ̀, mo máa ń wo ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì máa ń wo irú ẹgbẹ́ tó kojú nígbà tó gbá run rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni mo máa ń wò gbẹ̀yìn, nígbà míì mi kì í wò ó rárá. Tó bá ku ẹni méjì tí wọ́n dọ́gba, tí ọ̀kan jẹ́ ọdún 21, tí èkejì jẹ́ 30, ẹni ọdún 21 ni mo máa ń mú, màá sì fún un láyè nínú ẹgbẹ́ àgbà ṣáájú kí n tó ronú nípa ìgbáradì rẹ̀.