Ohun tó bá mi dí ihò irorẹ́

Irorẹ́ ti lọ tipẹ́, àmọ́ ihò tó fi sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi kò lọ. Mo ra rólà abẹ́rẹ́, ìyẹn ohun tó ń yí tó ní abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lára, mo ń yí i lójú fúnra mi nínú yàrá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú wú, ó tún dúdú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Dókítà awọ ara ló bá mi yanjú ẹ̀: ó fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó gùn ní mìlímítà 1.5 gún ojú mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ìgbà 4. Gígún yẹn ló ń jí awọ láti hun kọ́lájìn tuntun, ìyẹn èròjà tó ń gbé awọ ró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, ó fi ẹ̀rọ yí i títí omi aláwọ̀ ìyeyè fi tòrò lókè, ó wá fi pa ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Owó ẹ̀ wọ́n, àmọ́ ojú mi tètè jinná. Ihò tó fẹ̀ ti kún dáadáa; àwọn tóóró tó jìn ṣì wà. Mi ò sì jẹ́ jáde sóòrùn Takie, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, láìfi ìpara oòrùn para.