Ṣé kí ẹ gbé ìpolówó orí ayélujára fún ẹlòmíràn ṣe? Bí oníṣòwò kékeré ní Ìbàdàn ṣe lè pinnu

Kí ẹ tó wá ẹni tí yóò máa bá yín polówó ọjà lórí ayélujára, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọjà yín ti ń di títà gan-an. Fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ìbàdàn, orí Instagram àti Facebook ni oníbàárà ti ń rí ọjà, ṣùgbọ́n orí WhatsApp àti orí ìpè ló ti ń ná an. Ẹni tó bá rí àǹkárá yín lórí Instagram yóò wá béèrè pé, “Ẹ káàsán mà, èló ni yáàdì mẹ́fà? Ṣé kò ní dín? Èló lẹ máa gbé e dé Àkóbọ̀?” Ẹni tó bá tètè dáhùn, tó sì mọ iye tó lè dín, òun ló máa tà. Ojú tí yóò rí ọjà yín, ẹ lè bẹ ẹlòmíràn lọ́wẹ̀ kó bá yín wá a. Ẹnu tí yóò ná an, ilé yín ló yẹ kó wà. Orí èyí ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn iṣẹ́ náà

Bí ẹ bá ṣì ń lo WhatsApp lásán, ẹ gbé nọ́ńbà náà sórí WhatsApp Business ná. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe backup kí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá má baà sọnù. Ẹ to ọjà yín sínú catalogue pẹ̀lú iye owó, kí ẹ sì ṣètò quick reply fún àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè léraléra: ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, nọ́ńbà àkáǹtì, owó tí wọ́n fi ń gbé ọjà dé Bódìjà, Àpáta tàbí Mọ́níyà. Ẹ fi label sí ara oníbàárà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó béèrè, ẹni tó sanwó, ẹni tí a ti gbé tiẹ̀ lọ. Àwọn kan tó rò pé òṣìṣẹ́ làwọn nílò yóò rí i pé ètò yìí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ìwé kan. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ fi ya fọ́tò àti fídíò tí ẹ sì fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ wọn, ìṣẹ́jú tí ẹ fi dá àwọn tó béèrè lóhùn, iye ẹni tó béèrè, àti iye ẹni tó sanwó. Gbogbo ẹni tó bá rajà, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí fóònù, ẹ bi í pé, “Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?” Ìbéèrè yẹn ló wúlò jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti gbàgbé nígbà tí èrò bá pọ̀, torí náà ẹ fi lé ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé ọ̀pọ̀ ń béèrè ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń rà, ìpolówó kọ́ ni wàhálà yín. Ẹ wo iye owó, ẹ wo bí ìdáhùn ṣe ń pẹ́ tó, ẹ wo owó ìgbérù. Ẹni tó bá polówó sí i fún yín níbẹ̀, àwọn tí yóò béèrè tí wọn kò ní rà ni yóò máa kó wá. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń béèrè ti pọ̀ ju agbára yín lọ, ẹni tí yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù máa dáhùn lẹ nílò. Àfi bí àwọn tó ń béèrè bá kéré, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá sì béèrè ń rà, ni owó tí ẹ bá san fún olùpolówó yóò ní ibi tí yóò ṣiṣẹ́ sí.

Ìṣirò tí a kò gbọdọ̀ fò

Ká ní ẹ ń ta bàtà, tí èrè yín lórí ẹyọ kan sì jẹ́ ₦3,000 lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó ọjà, owó ọ̀rá àti owó ọkọ̀. Ká ní olùpolówó ní òun yóò gba ₦60,000 lóṣù, ẹ sì fẹ́ fi ₦30,000 sí ìpolówó tí à ń sanwó fún lórí Facebook àti Instagram. VAT, ìyẹn owó orí ìjọba, wà lórí ti ìpolówó yẹn, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦2,250. Gbogbo rẹ̀ di ₦92,250. Ẹ fi ₦3,000 pín in: bàtà 31 ni ẹ gbọ́dọ̀ tà lóṣù, lórí iye tí ẹ ń tà tẹ́lẹ̀, kí owó yẹn tó padà sílé. Ẹni tó ń ṣe kéèkì tó ń jèrè ₦15,000 lórí ẹyọ kan, kéèkì 7 ti tó o. Iye owó kan náà lè bọ́ sí i fún ẹnì kan kó sì pa ẹlòmíràn lára, nítorí náà ẹ má wo ohun tí aládùúgbò yín ń san.

Ẹ ṣírò àkókò yín náà. Bí ìwé ọ̀sẹ̀ méjì bá sọ pé wákàtí 10 lẹ fi ń ṣe ìpolówó lọ́sẹ̀, 40 lóṣù nìyẹn. Aránṣọ tó ń fi wákàtí 5 rán aṣọ kan, tó sì ń gba ₦8,000 lórí rẹ̀, lè rán aṣọ 8 nínú wákàtí wọ̀nyẹn, kó gba ₦64,000. Ṣùgbọ́n àfi bí aṣọ tí kò tíì rán bá wà nílẹ̀! Bí ẹ kò bá ní iṣẹ́ tó ń dúró dè yín, àkókò tí ẹ gbà padà kò tíì di owó.

Àwọn tó yẹ kó dá a ṣe

Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́ kò lè gbé ìpolówó rẹ̀ jìnnà. Ẹni tó ń ta òkìríkà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni aṣọ rẹ̀. Kí olùpolówó tó gbé fọ́tò jáde lọ́la, wọ́n ti ra aṣọ náà lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni olóúnjẹ. Fọ́tò àmàlà tó ń ru èéfín ní aago 12 ọ̀sán lórí status ni yóò mú ẹni tí ebi ń pa ní Mọ́kọ́lá dìde. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, tí ẹ sì ń ra dátà fún, yóò ṣe èyí dára ju iléeṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Ọjà tó máa ń wà fún ìgbà pípẹ́ àti iṣẹ́ tí èrè orí ẹyọ kan pọ̀ ló bá gbígbé jáde mu: àga àti bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òkè tí à ń hun fún ayẹyẹ, ṣíṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, ilé ìwé aládàáni, ilé ìtura.

Ẹ pín iṣẹ́ náà

Ohun tó sábà máa ń ṣi oníṣòwò lọ́nà ni pé ó rò pé àfi kó gbé gbogbo rẹ̀ jáde tàbí kó má gbé nǹkan kan jáde. Ìpolówó orí ayélujára jẹ́ iṣẹ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: yíya fọ́tò àti fídíò, kíkọ ọ̀rọ̀ sí i, gbígbé e jáde lásìkò, ìpolówó tí à ń sanwó fún, dídá oníbàárà lóhùn, àti ṣíṣe ìṣirò. Èyí tí a máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún ni fọ́tò àti fídíò, lẹ́yìn náà ìpolówó onísanwó. Ìdáhùn àti ìṣirò, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni lóde.

Ẹ lè pe ayàfọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ìlàjì ọjọ́. Kó dé ní aago 8 òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì le, kó sì ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Kí ó tó dé, kí ẹ ti to ọjà 20 sílẹ̀, kí ẹ ti lọ aṣọ tó yẹ ní lílọ̀, kí ẹ ti kọ iye owó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Fọ́tò mẹ́ta lórí ọjà kan: gbogbo rẹ̀, ìtòsí tó fi ọwọ́ iṣẹ́ hàn, àti lára ẹni tó wọ̀ ọ́ tàbí tó mú un dání. Kó ya fídíò 10 náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Ìyẹn tó fún oṣù kan bí ẹ bá ń gbé mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀. Meta Business Suite, áàpù ọ̀fẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, yóò jẹ́ kí ẹ to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kó máa jáde fúnra rẹ̀ lórí Facebook àti Instagram. Bí iná kò bá sí lọ́jọ́ Jímọ̀, ìpolówó ọjọ́ Jímọ̀ yóò ṣì jáde.

Orin tó gbajúmọ̀ kì í sábà ṣe é lò lórí àkáǹtì iṣẹ́ Instagram, ó sì lè mú kí wọ́n pa ohùn fídíò náà. Ohùn yín gan-an, tó ń sọ Yorùbá, tó ń sọ iye ọjà àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, sàn jù ú lọ.

Yíyan ẹni náà

Ẹ ní kó fi ojúewé mẹ́ta tó ń bójú tó lọ́wọ́lọ́wọ́ hàn yín. Ẹ má wo iye àwọn tó ń tẹ̀lé wọn, nítorí wọ́n ń ta ìyẹn lọ́jà. Ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fọ́tò. Bí ẹ bá rí “Èló ni?” àti “Ibo lẹ wà ní Ìbàdàn?”, àwọn olùrajà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló ń tẹ̀lé ojúewé náà tí èèyàn márùn-ún péré ń fèsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wọ́n ra àwọn tó kù ni, àwọn tí wọ́n sì rà kò lè ra ọjà.

Ẹ wá bi í bí yóò ṣe ṣe ìpolówó onísanwó fún yín. Olóúnjẹ tó wà ní Sángo kò ní ohun tó fẹ́ fi Nàìjíríà lódindi ṣe; Facebook gbà kí ẹ fi ìpolówó mọ sí Ìbàdàn, tàbí ìwọ̀nba kìlómítà yí ṣọ́ọ̀bù yín ká. Kí ohun tí ìpolówó náà ń wá sì jẹ́ ìfiránṣẹ́ sí WhatsApp, kó má jẹ́ “like”. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yóò ná owó yín tán láìsí ẹni tó pè. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ìdánwò kékeré, ọjà kan, fọ́tò mẹ́ta, fídíò kan, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Ẹ wo bóyá ó béèrè iye owó àti bí ọjà náà ṣe ń pẹ́ lára kó tó kọ̀wé. Ẹni tó fi fọ́tò tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò ọjà yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ, torí oníbàárà tó bá wá láti Ìwó Road dé Gbági tí kò bá ohun tó rí kò ní padà wá mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI tàbí Poly lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, owó rẹ̀ sì lè ṣe é san. Ẹ kàn béèrè ìgbà tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí, kó má lọ bọ́ sí àsìkò Iléyá tàbí Kérésìmesì tí ọjà yín ń yá.

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù

Aáwọ̀ tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti owó. Olùpolówó á fi íméèlì àti nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣí ojúewé fún oníṣòwò, àárín wọn á bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ojúewé náà àti gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé e á sì bá a lọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣí ojúewé náà, pẹ̀lú íméèlì yín. SIM nọ́ńbà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí NIN yín, nítorí orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n máa wò bó bá sọnù tí ẹ fẹ́ gbà á padà.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní páswọ́ọ̀dù. Lórí Facebook, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Page access, kí ẹ fi orúkọ ẹni náà kún un, kí ẹ sì yan iṣẹ́ tó lè ṣe nìkan: gbígbé nǹkan jáde àti ìpolówó. Ẹ má fún un ní full control, torí ẹni tó bá ní in lè yọ ẹ̀yin gan-an kúrò. Bí Instagram yín bá ti so mọ́ Facebook, yóò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti inú Meta Business Suite láì mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní ti WhatsApp, ẹ lè so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ fóònù yín kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè máa dáhùn láti orí ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ṣí WhatsApp lórí fóònù yín fún ju ọjọ́ 14 lọ, àwọn ẹ̀rọ náà yóò já. Ẹ tan two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí oní-ẹyọ mẹ́fà tí WhatsApp máa ń béèrè kí ẹnikẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà yín ṣí i lórí fóònù mìíràn, kí nọ́ńbà àṣírí náà wà lórí yín nìkan.

Nọ́ńbà àkáǹtì tí oníbàárà ń sanwó sí, ẹ̀yin nìkan ni kó máa kọ ọ́ jáde. Ẹ máa yẹ ojúewé wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti pa á dà. Ẹ máa bẹ oníbàárà náà kí wọ́n fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù, nítorí ẹni tó bá fi í pamọ́ nìkan ni broadcast list yín (ìfiránṣẹ́ kan náà sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan) ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkànnì lè dédé kú: ìjọba àpapọ̀ ti Twitter (X báyìí) pa ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìíní ọdún 2022. Oníṣòwò tó ní nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ ṣì rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Àdéhùn àti oṣù mẹ́ta

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ojú ìwé kan: iye fọ́tò àti fídíò lóṣù, pé kò sí ohun tó máa jáde láìjẹ́ pé ẹ rí i, pé ẹ̀yin lẹ ni fọ́tò náà, pé owó ìpolówó onísanwó yóò máa ti orí káàdì yín lọ tààrà, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dúró yóò sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bó bá jẹ́ àgbo, ìpara tàbí oúnjẹ inú ọ̀rá lẹ ń tà, NAFDAC ló ń fọwọ́ sí ìpolówó irú wọn. Bí olùpolówó bá kọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ẹ̀yin ni wọn yóò wá bá. Ẹ sì gba àṣẹ lẹ́nu oníbàárà kí ẹ tó gbé fọ́tò rẹ̀ jáde; òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 dáàbò bò ó.

Ẹ máa san oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ padà sí ìwé yín: ẹni mélòó ló sọ pé orí ayélujára làwọn ti rí yín, mélòó ló sanwó? Oṣù kìíní lè má mú nǹkan púpọ̀ wá. Bí oṣù kejì bá fi iye tó ń béèrè kún un ṣùgbọ́n tí títà kò kún, ẹ tún ìdáhùn ṣe kí ẹ tó bá olùpolówó wí. Bí kò bá tíì dé ìlàjì iye tí ìṣirò yín béèrè ní òpin oṣù kẹta, ẹ dá a dúró, kí ẹ mú ayàfọ́tò nìkan.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní Page access, ẹ wo Linked devices lórí WhatsApp kí ẹ sì já èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ dá gbogbo ìpolówó tó ń lọ lọ́wọ́ dúró. Fọ́tò àti fídíò tí kò tíì gbé jáde náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó ìkẹyìn.