Ilé yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n káńsù ló ni àṣẹ ìkọ́lé

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ti ra ilé ní England, tàbí tí ẹ ń gbèrò àtirà á, ẹ tètè mọ èyí: ilé lè jẹ́ tiyín, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ tiyín, síbẹ̀ kí ẹ má ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ohun tó wù yín sí i. Òfin ọdún 1947 ló gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìjọba ẹgbẹ́ Labour ti Clement Attlee gbà pé ará ìlú lápapọ̀ ló ń mú kí ilẹ̀ gbówó lórí, nítorí náà kò yẹ kí onílẹ̀ nìkan pinnu ohun tí yóò hù sórí rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Conservative gba ìjọba, wọ́n fagi lé owó tí òfin náà ń gbà lórí èrè ilẹ̀, àmọ́ wọn ò dá ẹ̀tọ́ ìkọ́lé padà. Èmi fara mọ́ ìpinnu yẹn. Ẹni tí ilé ẹlòmíì ti dí oòrùn mọ́ rí á mọ ìdí.

Iṣẹ́ kéékèèké wà tí òfin ti fọwọ́ sí ṣáájú. Ẹ lè fi yàrá ilẹ̀ kún ẹ̀yìn ilé, kó jáde ní mítà 3 bí ilé bá so mọ́ ti aládùúgbò, mítà 4 bó bá dá dúró. Flat kò sí nínú èyí, káńsù sì lè ti fòfin de irú àfikún yìí ládùúgbò yín. Ẹ bi wọ́n kí bíríkìlà tó débẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní ọdún 10 láti ní kí ẹ wó ohun tí ẹ kọ́ láìgbàṣẹ. Ọdún 4 ni tẹ́lẹ̀.

Ìwé ìkéde nípa ohun tí ẹnì kan fẹ́ kọ́, tí wọ́n so mọ́ òpó iná lójú pópó yín ńkọ́? Ẹ dúró kà á. Ọjọ́ 21, ó kéré tán, ni wọ́n ń fún aráàlú láti fèsì, ayálégbé náà sì lè kọ̀wé. Ẹ kọ nípa ìmọ́lẹ̀ tí yóò dí, fèrèsé tí yóò kọjú sí yàrá yín, ọkọ̀ tí yóò pọ̀ jù. Ẹ má kọ pé iye owó ilé yín yóò já wálẹ̀. Wọn kì í kà á sí.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń dìbò lórí àwọn ọ̀ràn ìkọ́lé ńláńlá. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó ní físà ìgbé, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò yàn wọ́n, nítorí Commonwealth, kó tó di ọmọ ìlú rárá.